Kí A Tó Sọ Ẹyẹ Àgbàlá Wa Lókò

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: kí á tó sọ ẹyẹ kan lókò nínú àgbàlá wa, ẹ jẹ́ kí á wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan ná.

Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa lábúlé tí àwọn ẹ̀gà sọ di ìlú. Àwọn ará ilé fẹ́ gé e, wọ́n ní ariwo pọ̀, pé ẹ̀gà sì ti ya imọ̀ rẹ̀ tán, ó ku ọwá lásán. Mo gbé àpótí sídìí ògiri, mo jókòó tì wọ́n. Akọ ló ń hun ilé. Á fi ẹnu gé etí ewé, á fò, ewé á sì ya tẹ̀lé e bí okùn. Òrùka ló kọ́kọ́ ń hun, á dúró sínú rẹ̀, á máa hun ún lọ títí yóò fi di ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bó bá parí, á dorí kodò lábẹ́ rẹ̀, á máa gbọn apá pe abo. Abo á wọlé, á fi ẹnu fa okùn ilé wò bóyá ó le. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lọ nìyẹn. Bí ilé bá sì gbẹ tí abo kankan ò gbà á, akọ á tú u fúnra rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ wọn ní ìdájí, bí ìgbà tí àwọn ìyálọ́jà ń polówó ni létí mi.

Ẹ̀gà yìí ní ìbátan kan tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Ìbàdàn kiri ayé, Malimbus ibadanensis. Dúdú ni, orí àti àyà rẹ̀ pupa. Ọdún 1958 ni J. H. Elgood, onímọ̀ nípa ẹyẹ kan, kọ̀wé nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Kò sí níbòmíràn láyé àyàfi apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, igbó tí à ń gé sì ti fi í sínú ewu.

Ọ̀rọ̀ òwìwí ló ń dùn mí jù. Ẹyẹ àjẹ́ la pè é, a sì ń pa á. Ọ̀kan ń sùn ní àjà ilé àtijọ́ kan ládùúgbò wa. Nísàlẹ̀ ibi tó ń bà sí ni mo ti ṣa kókó irun kan tó tó àtàǹpàkò. Òwìwí a máa gbé eku mì lódindi, lẹ́yìn náà á pọ irun àti egungun tí kò dà nínú rẹ̀. Mo rẹ kókó náà sómi, mo fi ẹ̀gún ọsàn tú u. Agbárí eku mẹ́ta ló wà níbẹ̀, eyín iwájú wọn pupa rúsúrúsú, ó ṣì mú. Ìyá mi àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ṣé òun ló ń bá mi ṣọ́ àká látọjọ́ yìí?”

Ti igún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù. Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Síbẹ̀, ẹ dé ìsọ̀ lékúlẹ́jà, ẹ ó rí orí rẹ̀. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ẹranko àti igbó, ti kà á mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́.

Ẹ mú ìwé pélébé kan. Ẹ kọ ọjọ́, aago, orúkọ ẹyẹ bí wọ́n ṣe ń pè é nílùú yín, àti ohun tó ń ṣe. Àárọ̀ kùtù ló dára jù. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbé omi sínú àwo pẹrẹsẹ síta, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Wọ́n ní ẹlúlùú ń pe òjò. Bó bá ké lẹ́yìn ilé yín nírọ̀lẹ́ òní, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá òjò á rọ̀ lọ́la.