Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀: Àpá Ara Ọmọ àti Àlàyé Tí Wọ́n Ṣe Nípa Rẹ̀

Bismillāhi r-Rahmāni r-Rahīm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó fi ọmọ jíǹkí wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, as-salāmu alaykum. Nínú Súrátù Taḥrīm, áyà 6, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé ká gba ara wa àti ará ilé wa là kúrò nínú iná. Ìrun àti ààwẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rò mọ́ áyà yìí. Bẹ́ẹ̀, ọmọ wà tí wọ́n ń lù ní àlùbami, ọmọ wà tí wọ́n ń febi pa, ọmọ sì wà tí àgbàlagbà ń bá ṣe ìṣekúṣe lábẹ́ òrùlé kan náà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ń sùn sí. Ọmọ kì í sábà lè fẹnu sọ ọ́. Ara rẹ̀ àti ìṣesí rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́.

Ìbéèrè kan ni ká máa bi ara wa: àpá tí mo rí yìí, ọjọ́ orí ọmọ yìí, àti àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi, ṣé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu?

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ ọmọ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ikú ti máa ń yá jù. Ọmọ tí kò tíì rá, tí kò tíì lè dì mọ́ àga dìde, kò lè fi ara gbá nǹkan débi tí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dì sábẹ́ awọ rẹ̀. Ọmọ tí kò bá tíì pé oṣù 5, ibi yòówù kí ẹ ti rí ẹ̀jẹ̀ dídì lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Títí tí ọmọ yóò fi pé ọdún 4, etí, ọrùn, àyà, ikùn àti ẹ̀yìn ni kí ẹ máa ṣọ́. Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn máa ń fi orúnkún, ojúgun àti iwájú orí gbálẹ̀. Kì í fi ẹ̀yìn etí ṣubú. Àmọ́ ẹ má ṣe ka ẹnikẹ́ni sí ọ̀daràn nítorí àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ eérú tí wọ́n bí mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ adúláwọ̀ ní ìdí àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ìyẹn kì í dun ọmọ, ó máa ń wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, á sì máa ṣá bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ojú ibi tí wọ́n ti lu ọmọ máa ń yí àwọ̀ padà láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Jíjì tí wọ́n ń ji ọmọ síwá sẹ́yìn nítorí pé ó ń ké lè má fi àpá kankan hàn lóde. Orí ọmọ ọwọ́ wúwo, ọrùn rẹ̀ kò tíì lágbára. Ọpọlọ á máa gbá eegun orí, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ya nínú. Èébì láìsí ibà, oorun tí kò ṣe é jí, kíkọ ọmú, gìrì, tàbí àwùjẹ̀ tó wú sókè nígbà tí ọmọ kò ké: nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí ẹ ó máa wá àgbo sí. Wákàtí náà gan-an ni kó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Omi gbígbóná náà ń sọ ìtàn tirẹ̀. Ọmọ ọdún 2 tó fa kẹ́tùlù lu ara rẹ̀, omi á ta sí i lójú, léjìká àti láyà, á ṣàn wálẹ̀, ojú egbò á rí wúruwùru. Ọmọ tí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú omi, ẹsẹ̀ méjèèjì á bó dé ibì kan náà bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀, etí egbò á gún régé, kò sì ní sí ibi tí omi ta sí. Tí àlàyé bá ń yí padà láti ẹnu ẹnì kan dé ẹnu ẹlòmíràn, tàbí tí wọ́n fi egbò sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbé ọmọ jáde, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) máa ń wá ìṣọ́ Ọlọ́hun fún Hasan àti Husayn pẹ̀lú àdúà tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá: "U‘īdhukumā bi kalimātil-lāhit-tāmmah, min kulli shaytānin wa hāmmah, wa min kulli ‘aynin lāmmah." Tí ọmọ bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ ka ti ọkùnrin ní "u‘īdhuka", ti obìnrin ní "u‘īdhuki". Ẹ̀yin tí ẹ ń wẹ ọmọ, ẹ máa kà á bí ẹ ṣe ń wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa fi ojú yẹ ara rẹ̀ wò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Láti ọdún 3 sí 5, ìṣesí ló ń kọ́kọ́ yí padà. Ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń ké tí wọ́n bá ní kó lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan pàtó. Ó mọ ohun tí tọkọtaya ń ṣe, ó sì ń fi bèbí tàbí ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é. Kò sẹ́ni tí í bí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọ. Kí ẹ tún wo bó ṣe ń rìn, bóyá ìtọ̀ ń ta á, bóyá ẹ̀jẹ̀ tàbí omi wà nínú pátá rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò fún lè tọ̀ sílé, àrùn lásán sì lè fa omi ojú ara. Ìdí nìyí tí dókítà fi gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ ka Súrátun-Nūr, áyà 58. Ìgbà mẹ́ta ni Ọlọ́hun ní kí àwọn ọmọ tí kò tíì bàlágà tọrọ àyè kí wọ́n tó wọlé: kí a tó kírun Àsùbá, ìgbà tí a bọ́ṣọ ní ọ̀sán gangan, àti lẹ́yìn ìrun Àìṣá. Ọmọ tí a bá kọ́ pé ihòòhò ní ààlà yóò tètè mọ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ré ààlà náà kọjá.

Láti ọdún 6 sí 12, inú rírun tí kò ní àìsàn nídìí, pàápàá láàárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé tàbí ti ilé kéwú. Owó tàbí fóònù tí kò lè sọ ibi tó ti rí i. Aṣọ apá gígùn nínú ooru. Jíjí oúnjẹ kó pa mọ́ (ẹ̀yin tí ẹ gba ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ wo èyí dáadáa). Wáyà tí wọ́n ká po máa ń fi àpá tó rí rọ̀gbọ̀dọ̀ sílẹ̀, irin ẹnu bẹ́líìtì á fi àpá igun rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí bí ọmọ ṣe lè ṣubú tí irú àpá bẹ́ẹ̀ á fi hàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa lórí ilé kéwú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde ní ibì kan tí wọ́n pè ní ilé àtúnṣe ìwà lórúkọ ẹ̀sìn ní Òjóò, Ìbàdàn. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ó lé ní 300 tí wọ́n kó jáde ní Kàdúná, wọ́n de àwọn kan ní ṣẹ́ẹ̀nì. Hádíìsì tó ní ká na ọmọ ọdún 10 tí kò bá kírun ni àwọn kan fi ń gbèjà irú nǹkan báyìí. Àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé pé ìbáwí tó dá àpá sí ara ọmọ kò sí nínú rẹ̀, Ànábì sì kọ̀ fún wa láti gbá èèyàn lójú. Hádíìsì yẹn kan náà ló ní ká ya ibùsùn wọn sọ́tọ̀. A kì í gbọ́ ìyẹn lẹ́nu wọn. Anas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, sin Ànábì fún ọdún 10, Ànábì kò fìgbà kan sọ "ùfù" sí i.

Ní ti ọ̀dọ́langba, sísá kúrò nílé, fífi bíléèdì ya ara, sísọ pé òun fẹ́ kú, oyún tí kò fẹ́ dárúkọ ẹni tó ni ín. Ọmọkùnrin pẹ̀lú máa ń fara gbá ìṣekúṣe. Ìbínú òjijì àti ìjà ló sábà máa ń gbé jáde, a ó sì máa pè é ní ọmọ burúkú.

Tí ọmọ bá sọ ọ́ jáde, ẹ jókòó kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba. Ẹ má pariwo. Ẹ sọ fún un pé, "Mo gbà ẹ́ gbọ́, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ." Ẹ bi í pé "kí ló tún ṣẹlẹ̀?", ẹ má bi í pé "ṣé lágbájá ló ṣe é?", torí ìyẹn ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Tó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Inú àpò pépà ni kí ẹ kó o sí, torí nínú ọ̀rá ni ọ̀rinrin ti ń ba ẹ̀rí jẹ́. Kó dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, nítorí oògùn tó ń dènà HIV kò wúlò lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Mirabel Centre ti ń ṣètọ́jú irú ọmọ báyìí lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2013, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ti àjọ ìjọba tó ń rí sí i, DSVA, sì ni 08000 333 333. Ní ibòmíràn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àti àgọ́ ọlọ́pàá.

Wọ́n á ní kí ẹ bo àṣírí mùsùlùmí. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín èèyàn àti Ọlọ́hun ni ìyẹn wà fún. Ẹni tó ń pa ọmọ lára kò sí lábẹ́ rẹ̀. Nínú Súrátun-Nisā, áyà 135, Ọlọ́hun ní ká dúró ti òdodo, kódà kó jẹ́ lórí òbí wa tàbí ìbátan wa. Ẹ má gba owó "ẹ máa bínú" nínú ìpàdé ẹbí, ẹ má sì gbà kí wọ́n fi ọmọ náà fún ẹni tó bà á jẹ́ ní ìyàwó. Ẹ̀wọ̀n gbére ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Tí ẹnì kan bá ní láti kúrò nílé, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni kó kúrò. Ọmọ tí wọ́n dì lẹ́rù lọ sí abúlé lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀ yóò gbà pé ẹnu òun ló kó bá òun.