Ìlọrin Lójú Òkun

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wò wá. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n gbé ìwé yìí sún mọ́ kámẹ́rà. Ẹ wo etí ojú ewé rẹ̀. Gbogbo ohun tó rí wúruwùru yẹn, pẹ́ńsùlù mi ni. Mi ò lè fọwọ́ lásán kàwé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ̀ mí lára, màá kọ "hẹ̀n-ẹ́n" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mi ò bá gbà, màá kọ "irọ́!" Bí mo bá fura sẹ́nì kan, màá fàlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ìwé mẹ́ta ni mo kó wá lónìí. Àwọn ọ̀dọ́langba ni wọ́n kọ gbogbo wọn fún, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí èmi ti kúrò lọ́dọ̀ọ́langba, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń béèrè ọjọ́ orí lẹ́nu ọ̀nà ìwé. Ọ̀kan jẹ́ ìtàn idán, ọ̀kan jẹ́ ìtàn àdììtú, ẹ̀kẹta jẹ́ ìtàn ayé bí a ṣe ń gbé e yìí gan-an. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni pé èyí tó dárúkọ ilé wa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ ló kọ́kọ́ bá mi nílé.

Èyí tí mo kọ nǹkan sí jù la ó fi bẹ̀rẹ̀. Children of Blood and Bone, Tomi Adeyemi ló kọ ọ́, ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2018. Ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀, àmọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ó kàwé ní Harvard. Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti rí ìtàn yìí o. Salvador ni, ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil. Ó lọ ṣèwádìí níbẹ̀, ó yà wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀bùn, ó sì rí àwòrán àwọn òrìṣà. Ọya àti Yemọja bá àwọn baba wa wọkọ̀ ẹrú rékọjá òkun, ọmọ tí òbí rẹ̀ wọ bàálù lọ sí Amẹ́ríkà wá lọ pàdé wọn nínú ṣọ́ọ̀bù. Níbi tí mo ti gbọ́ ìyẹn, kí n tó ṣí ìwé rárá, mo ti ń sọ pé hẹ̀n-ẹ́n.

Zélie lorúkọ ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí. Ilẹ̀ tó ń gbé, Orïsha ni wọ́n ń pè é. Ọba Saran ti pa àwọn onídán, ìyá Zélie sì wà lára àwọn tí wọ́n pa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, àwọn ọmọbìnrin wà nínú ahéré Mama Agba, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá jà. Ẹ̀ṣọ́ ọba dé lójijì. Kíá, ọ̀pá ti wọlẹ̀, abẹ́rẹ́ àti aṣọ ti bọ́ sọ́wọ́, gbogbo wọn ti di aránṣọ. Màmá Àgbà tó ní ọjà kan lórí àtẹ, tó ní òmíràn lábẹ́ àtẹ! Ta ni kò ní irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ ládùúgbò? Mo kọ "hẹ̀n-ẹ́n" méjì síbẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo pàdé Ìlọrin.

Ìlọrin tibẹ̀ wà lójú òkun. Abúlé apẹja ni, orí omi ló léfòó sí. Ẹ̀yin ará Ìlọrin tí ẹ̀ ń wò mí, ẹ fà mí lọ́wọ́ o. Ìlú tí wọ́n ní òkúta tí ọdẹ fi ń lọ irin ló sọ ọ́ lórúkọ! Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun láti Ìlọrin, àfi kó wọ mọ́tò wá sí Èkó. Mo kọ "irọ́!" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu pẹ́ńsùlù kán.

Bí mo ṣe gbẹ́ ẹ tán báyìí, mi ò dáwọ́ dúró mọ́. Wọ́n fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Orïsha, tótó méjì lórí lẹ́tà i. Àmì wo nìyẹn? Kì í ṣe dò, kì í ṣe mí. Mo yí i po. Orí ńkọ́? Nínú ìwé yìí, Orí jẹ́ òrìṣà ìdílé onídán kan tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ọkàn àti àlá. Orí tí èmi mọ̀, ti oníkálukú ni, òun lèèyàn yàn látọ̀run wá, kódà kò sóòṣà tíí dáni í gbè lẹ́yìn orí ẹni. Báwo lo ṣe máa wá fi jẹ olórí ìdílé? Irọ́!

Àwọn tí kò ní idán nínú ìtàn náà, kosidán ni wọ́n ń pè wọ́n. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kò sí idán, ṣé orúkọ èèyàn nìyẹn? Gbólóhùn odindi lèyí." Mo ti kọ "irọ́" tán kí ọ̀rọ̀ kan tó sọ sí mi lọ́kàn bí ẹni sọ òkò: Kòsọ́kọ́ ńkọ́? Kòsọ́kọ́, ọba tó wà lórí ìtẹ́ Èkó láti 1845 sí 1851. Kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé kí àbíkú má kú mọ́. Gbólóhùn odindi lòun náà, Yorùbá sì fi jórúkọ, ó fi jọba. Ọmọ tó dàgbà sí Amẹ́ríkà yìí rọ ọ̀rọ̀ tuntun, ó rọ ọ́ bí alágbẹ̀dẹ ilé gan-an ṣe ń rọ ọ́. Mo fi rọ́bà pa "irọ́" yẹn rẹ́. Ẹ wo ojú rẹ̀ níbí, ó ṣì hàn fírífírí.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mi ò kàwé mọ́, mo ń máàkì. Mo ti di tíṣà tó mú bírò pupa dání. Nígbà tí Fágúnwà kó wa wọ Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, ta ló bi í pé ìjọba ìbílẹ̀ wo ni igbó náà wà? A kàn tẹ̀ lé Àkàrà-Oògùn wọlé ni. Òótọ́ ni pé Fágúnwà kò gbé ìlú tí mo ní àna sí lọ sójú òkun, èmi náà ní àwíjàre tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ rí ohun tí mo ń sọ: orúkọ tí mo mọ̀ ni kò jẹ́ kí n wọ inú ìwé náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ gbàgbé ara mi, á tún pè mí sẹ́yìn.

Ìwé kejì kò ní òrìṣà kankan nínú. Ace of Spades, ó jáde ní 2021. Faridah Àbíké-Íyímídé ló kọ ọ́, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló dàgbà sí, ìgbà tó ń kàwé ní Yunifásítì ní Aberdeen, ní Scotland, ló sì ń kọ ọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé: wọ́n fi àmì sí orúkọ rẹ̀. Nǹkan kékeré ni, ó dùn mọ́ mi.

Ilé ìwé olówó ni Niveus, ní Amẹ́ríkà. Àwọn aláwọ̀ dúdú méjì péré ló wà ní kíláàsì àgbà: Chiamaka, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti Devon, ọmọ ìyá tálákà tó ń lù dùùrù. Ìtàn ò tíì gbóná tí wọ́n fi pe gbogbo ilé ìwé jọ, wọ́n ń ka orúkọ àwọn pírífẹ́ẹ̀tì. Pírífẹ́ẹ̀tì! Ní Amẹ́ríkà? Èmi tó lọ ilé ìwé girama ní Nàìjíríà mọ òórùn gbọ̀ngàn yẹn, mo mọ bí àyà ṣe ń já nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ olórí. Kò pẹ́, ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Aces bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣírí àwọn ọmọ méjèèjì ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo èèyàn.

Èyí lorí mi wú sí. Ní ilé ìwé tí mo lọ, kò sí fóònù, ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni Aces tiwa ń kọ̀wé sí. Ẹ̀ẹ̀kan ni orúkọ mi wà níbẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ ò wá rí i pé, bí fóònù bá ti dún nínú ìwé yìí báyìí, ikùn mi ni ó ń dún.

Àwa tí a ka Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó jáde ní 1969, ẹ̀yìn Lápàdé la máa ń tọ̀. Òun ni ọdẹ, a jọ ń dọdẹ ọ̀daràn. Nínú Ace of Spades, ẹran ló ń sọ̀tàn. Chiamaka sọ tirẹ̀, Devon sọ tirẹ̀, wọ́n ń gbà á fúnra wọn lórí-lórí, ìwọ tó ń kà á ò sì mọ ibi tí ọfà ti ń bọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí ìwé mi: orúkọ èèyàn márùn-ún ni mo kọ síbẹ̀ tí mo fura sí. Mo fagi lé gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí mo fagi lé ẹ̀kẹrin, inú mọ́tò ni mo wà, ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ ti kọjá, kọ̀ńdọ́ ń wò mí. Mi ò ní sọ bó ṣe parí. Ẹ lọ fi ikùn tiyín gbọ́ ọ.

Ìwé kẹta. The Hate U Give, Angie Thomas, ọmọ ìlú Jackson ní Mississippi, 2017. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i fún yín. Ẹ rí i? Ó mọ́ tónítóní.

Starr jẹ́ ọmọ ọdún 16. Àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń gbé, ilé ìwé àwọn aláwọ̀ funfun ló ń lọ, ahọ́n méjì ló sì ní: ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ilé ìwé, bí wọ́n bá sì ti gbapò ara wọn, wàhálà dé. Ẹ̀yin tí wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ yín rí nítorí pé ẹ sọ Yorùbá ní kíláàsì, ṣé mo tún gbọ́dọ̀ ṣàlàyé? Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ dúró. Khalil, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló ń wakọ̀. Ọlọ́pàá ní kó bọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà ṣí ilẹ̀kùn padà kó lè bi Starr pé ṣé kò sí nǹkan tó ṣe é. Wọ́n yìnbọn fún un. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń ya irun ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọlọ́pàá ní ìbọn lòun pè é.

Láti ìgbà tí Starr ti wà lọ́mọ ọdún 12 làwọn òbí rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe bí ọlọ́pàá bá dá a dúró: kó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ hàn, kó má ta gìrì, kó má sọ̀rọ̀ bí wọn ò bá bi í. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, mo ní ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Oṣù kẹwàá ọdún 2020 dé, àwọn ọ̀dọ́ tú síta, EndSARS. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo gbọ́ tí ìyá mi ń bá àbúrò mi ọkùnrin sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Gbé kọ̀ǹpútà yẹn sílé. Bí wọ́n bá dá ọ dúró, má bá wọn ṣagídí. Ọwọ́ rẹ, kí wọ́n máa rí i." Mo wọlé lọ mú ìwé yìí, mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ mi. Mi ò rí nǹkan kankan kọ.

Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ máa parí sí nìyẹn. Mo ti fẹ́ wá sọ fún yín pé orúkọ òrìṣà kì í sọ ìwé di tilé. Àfìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù lórí WhatsApp. Ọmọ ọdún 15 ni. Òyìnbó ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá tó mọ̀ kò ju ti ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ń gbàdúrà tàbí tó bá ń bínú. Ó gbé ìwé sí kámẹ́rà, Children of Blood and Bone, ibi tí Zélie ti ń pe ọfọ̀. Yorùbá ni wọ́n kọ ọfọ̀ náà.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ eléyìí?"

Mo kà á sókè. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé èèyàn lè sọ ọ́ lóòótọ́? Mo rò pé wọ́n kàn hùmọ̀ rẹ̀ ni." Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, ó ń sọ ọ́ tẹ̀ lé mi, ó ń ṣì í, mo ń tọ́ ọ sọ́nà, dò, re, mí. Òun náà ní pẹ́ńsùlù o! Mo rí i tó ń kọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dún sí etí ojú ewé, níbi tí tèmi ti kún fún "irọ́".

Mo wá ní kí n kìlọ̀ fún un. Mo ní, "Ìlọrin kò sí lójú òkun o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, mo mọ̀. Mo ti wò ó lórí Google Maps tipẹ́." Ó ní bí àwọn bá dé lásìkò Kérésì, ká jọ lọ wò ó. Mo ní kò burú, kó ṣáà má gbé aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ dání.