Bí Ẹnì Kan Bá Ṣílẹ̀kùn, Gbogbo Ilé Ló Ṣí Sílẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo kí gbogbo yín. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa bí a ṣe lè dáàbò bo fóònù àti àkáǹtì wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kọ̀wé sí i lórí WhatsApp: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, mo ṣèèṣì ní kí wọ́n fi kóòdù kan ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà yín. Ẹ bá mi kọ ọ́ síbí." Lóòótọ́, kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà ti wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe òpè o. Ó mọ ẹni tó kọ̀wé yẹn, ó ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ló bá fi kóòdù náà ránṣẹ́. Kò pẹ́ rárá tí WhatsApp rẹ̀ fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòdù yẹn ni WhatsApp fi ń mọ ẹni tó ni nọ́ńbà tó bá fẹ́ wọlé lórí fóònù mìíràn. Gbájúẹ̀ kan ti gba àkáǹtì akọrin yẹn láti àná, òun ló ń kọ̀wé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi yá owó lọ́wọ́ àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló fi owó ránṣẹ́. Bàbá wa wà nínú wọn.

Owó ẹ̀gbọ́n mi kankan ò lọ. Owó àwọn tó fọkàn tán an ló lọ. Látọjọ́ yẹn ni mi ò ti fẹ́ràn gbólóhùn tí gbogbo wa máa ń lò, pé "ìsọfúnni ara ẹni", àfi bíi pé ti ẹnì kan ṣoṣo ni. Nọ́ńbà yín wà nínú fóònù àìmọye èèyàn, tiwọn náà wà nínú tiyín. Fọ́tò ọmọ yín wà lọ́wọ́ àwọn àbúrò yín. Orúkọ ìyá yín, tí àwọn ojú òpó kan ṣì ń béèrè láti fi mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ̀ ń wọlé, gbogbo mọ̀lẹ́bí ló mọ̀ ọ́n. Ilé kan náà la jọ ń gbé. Bí ẹnì kan bá gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn, olè ò ní dúró bi í pé yàrá ta ni kí òun wọ̀.

Ẹ ó rántí ọ̀rọ̀ Cambridge Analytica, iléeṣẹ́ tó ń fi ìsọfúnni àwọn èèyàn ṣe ìpolongo ìbò, tó lu síta lọ́dún 2018. Inú áàpù kan ni ìsọfúnni náà ti dé ọwọ́ wọn. Nǹkan bí 270,000 èèyàn ló fọwọ́ ara wọn gba áàpù yẹn, tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè nípa ìwà wọn, láàyè lórí Facebook. Nígbà tí áàpù yẹn ń ṣiṣẹ́, Facebook ń jẹ́ kí irú rẹ̀ kó ìsọfúnni àwọn ọ̀rẹ́ ẹni tó gbà á láàyè mọ́ tirẹ̀. Nígbà tí Facebook fúnra rẹ̀ máa ṣírò rẹ̀, ó ní ó ṣeé ṣe kó kan èèyàn tó tó mílíọ̀nù 87. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò gbọ́ orúkọ áàpù náà rí. Nítorí náà, nígbà tí áàpù tọ́ọ̀ṣì bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun rí àwọn nọ́ńbà inú fóònù yín, ẹ bi ara yín pé kí ni tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe. Ohun tí kì í ṣe tiyín lẹ fẹ́ fún un yẹn, ẹ ò sì tíì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Nínú gbogbo ilẹ̀kùn tó wà, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti ṣí, ìyókù ti ṣí nìyẹn. Ímeèlì ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín máa sọ pé ẹ kì í lo ímeèlì, pé ọmọ tó bá yín tún fóònù ṣe ló ṣí i fún yín, ẹ ò tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ìyẹn páásíwọ́ọ̀dù. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà Facebook tàbí ti ibi tẹ́ ẹ ti ń rajà, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ ó tẹ ibi tí wọ́n kọ pé "mo ti gbàgbé", wọ́n á sì fi líǹkì ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, ẹ ó fi yan òmíràn. Ẹni tó bá ti jókòó sínú ímeèlì yín lè ṣe bákan náà, láti orí àkáǹtì kan bọ́ sí òmíràn, láìmọ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan tẹ́ ẹ ní. Tó bá ti wọlé, á pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa ṣe lálẹ́ òní, ẹ wá ímeèlì tó wà lórí fóònù yín jáde. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí kò sí níbòmíràn rárá. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n fi ń bá yín gbà á padà tó bá bọ́: ṣé nọ́ńbà yín ni, àbí ti ọmọ tó ṣí i fún yín, tàbí síìmù tẹ́ ẹ ti jù nù? Ẹ wo àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà tó ṣì wà nínú àkáǹtì náà, kẹ́ ẹ sì lé èyí tẹ́ ẹ ò mọ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ tan ìgbésẹ̀ kejì, ìyẹn kóòdù tí wọ́n á máa béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà. Kóòdù tó ń wá lórí síìmù sàn ju kó má sí rárá, àmọ́ oníjìbìtì lè lọ sọ fún iléeṣẹ́ fóònù pé òun ló ni nọ́ńbà yín, pé síìmù ló sọnù, kí wọ́n sì fún un ní òmíràn. Áàpù tó ń mú kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà tuntun jáde ní ìṣẹ́jú àáyá 30 síra wọn dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú fóònù yín ló ti ń ṣẹ̀dá wọn, kì í gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ síìmù kọjá. WhatsApp náà ní PIN onínọ́ńbà mẹ́fà tẹ́ ẹ lè yàn fúnra yín. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi ti yan tirẹ̀ ni, kóòdù tó fi ránṣẹ́ nìkan ò bá má tó.

Ọ̀rọ̀ aṣínà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 2009, wọ́n jí ọ̀rọ̀ aṣínà tó lé ní mílíọ̀nù 32 kó níbi RockYou, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe áàpù, tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ náà kàn kọ wọ́n kalẹ̀ gbalasa láìsọ wọ́n di àdììtú. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ̀ wọ́n wò, èyí tó pọ̀ jù ni 123456. Ó lé ní 290,000 èèyàn tó ń lò ó. Àmọ́ kí ẹni tí tirẹ̀ le má tíì máa yọ̀. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà tó le bá jáde níbì kan, àwọn olè á fi ẹ̀rọ gbé e pẹ̀lú ímeèlì tó bá a rìn, wọ́n á máa fi kan ilẹ̀kùn ojú òpó mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń lo ẹyọ kan fún ibi gbogbo ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe àìbìkítà jù nínú gbogbo àwọn tó ń bá ṣòwò.

Ọ̀pọ̀ yín ni wọ́n ti sọ fún pé kẹ́ ẹ da nọ́ńbà, lẹ́tà ńlá àti àmì ìyanu pọ̀, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Burr ló kọ ìlànà yẹn lọ́dún 2003 fún NIST, àjọ ìjọba tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2017, nígbà tó ti fẹ̀yìn tì, ó sọ fún ìwé ìròyìn Wall Street Journal pé òun kábàámọ̀ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí òun kọ. Lọ́dún kan náà ni NIST gbé ìlànà tuntun jáde, tó ní gígùn ló ṣe pàtàkì, àti pé kí wọ́n má fipá mú èèyàn pààrọ̀ àfi tí ẹ̀rí bá wà pé ó ti jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn gan-an. Àgbà tó bá lè sọ ní gbangba pé òun ṣìnà ti ṣe wá lóore.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára tan lẹ máa tò pọ̀: agbọ̀nrín, kànga, ṣíbí, òjò, láìfi àmì ohùn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èyí tí mo kà jáde yìí, kì í sì í ṣe òwe tàbí orin ìjọ, torí ẹ̀rọ àwọn olè náà ń ka ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ lè há sórí, ẹ lo áàpù tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà. Tẹ́ ẹ ò bá sì fẹ́, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ń tọ́jú ìwé ilé sí. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jà lórí èyí. Àmọ́ olè tó wà lókè òkun ò lè ṣí dúrọ́ọ̀ yín, bẹ́ẹ̀ òun ni ewu tó sún mọ́ ọ̀pọ̀ lára yín jù.

Ó wá ku ẹ̀rọ kan tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í wò àfi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Ráútà ni, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì ká gbogbo ilé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2016, Twitter, Netflix àti àwọn ojú òpó ńlá mìíràn ò ṣeé ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Iléeṣẹ́ Dyn, tó ń bá wọn tọ́ka ibi tí ojú òpó kọ̀ọ̀kan wà, ni wọ́n ya lù. Kí ni wọ́n fi ya lù ú? Kámẹ́rà ilé, ẹ̀rọ tó ń gba fídíò sílẹ̀, àti ráútà bíi tiyín. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Mirai, tí àwọn oníṣẹ́ ibi kọ, ló kó wọn ṣẹrú. Kò sì lo ọgbọ́n àrà kankan: orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tó lé díẹ̀ ní 60 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí iléeṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó tà á, bí "admin" àti "admin", tàbí "root" àti "12345". Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń dán wọn wò. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ń sùn, wọn ò mọ̀ pé ohun ìní wọn wà lójú ogun.

Ẹ yí ráútà yín sódì, ẹ ó rí nọ́ńbà kan lábẹ́ rẹ̀, 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1 ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbi tẹ́ ẹ máa ń tẹ orúkọ ojú òpó sí, nígbà tẹ́ ẹ wà lórí Wi-Fi ilé. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó, èyí tó yàtọ̀ sí ti Wi-Fi. Ẹ rí i pé WPA2 tàbí WPA3 ni Wi-Fi yín ń lò, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbà sọ ohun tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ di àdììtú. Kẹ́ ẹ sì pa ohun tó ń jẹ́ WPS, ìyẹn ọ̀nà àbùjá tí ẹ̀rọ fi ń wọ Wi-Fi láìtẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. PIN onínọ́ńbà mẹ́jọ ló ní, tó yẹ kó gba ìdánwò àìmọye. Àmọ́ lọ́dún 2011, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Stefan Viehböck fi hàn pé ráútà máa ń sọ bóyá ìlàjì àkọ́kọ́ tọ̀nà kó tó wo ìkejì, nítorí náà ìdánwò 11,000 péré ti tó láti ṣí i. Bí ráútà yín bá lè ya Wi-Fi àlejò sọ́tọ̀, orí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà sí, kí wọ́n má bàa wà lójú kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí ìwé báńkì yín wà.

Ti àgádágodo kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ojú òpó ò gùn. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó wà láàárín ọ̀nà ò lè ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Kò túmọ̀ sí pé olóòótọ́ ló ni ojú òpó náà. Gbájúẹ̀ náà ń gbà á, lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí bí ó ṣe ń ṣi èèyàn lọ́nà ni Chrome, áàpù Google tí wọ́n fi ń ṣí ojú òpó, fi yọ ọ́ kúrò lọ́dún 2023.

Lẹ́yìn tí mo parí ọ̀rọ̀ mi, nígbà tí a dé ibi ìbéèrè, ọ̀dọ́kùnrin kan ní òun ò ní ohunkóhun tí òun ń fi pamọ́, kí ló kan òun? Mo bi í iye nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀. Ó wò ó, ó ní 612. Mo ní kó ka orúkọ márùn-ún tó bá kọ́kọ́ rí. Nígbà tó dé orí ìkẹta, ó dákẹ́, ó sì jókòó.

Ìyá àgbà kan tó ti ń gbọ́ látàárọ̀ láìsọ̀rọ̀ wá nawọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo ilẹ̀kùn tó o ní ká tì yìí, tí mo bá kú, ta ló máa ṣí i fáwọn ọmọ mi? Fọ́tò bàbá wọn wà níbẹ̀."

Mo sọ fún wọn pé láti ọdún 2013 ni Google ti ṣe ètò kan: ẹ lè yan ẹni tí wọ́n máa fún ní ohun tó wà nínú àkáǹtì yín tí wọn ò bá gbúròó yín fún iye oṣù tẹ́ ẹ yàn. Facebook ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 2015, Apple lọ́dún 2021. Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti ń tú ká, mo jókòó tì í, a wá ibẹ̀ jáde lórí fóònù rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ àkọ́bí ló kọ́kọ́ kọ. Ó bi mí bóyá ó lè ju ẹyọ kan lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá kọ ti àbíkẹ́yìn mọ́ ọn, ó ní ọmọ yẹn ló sún mọ́ bàbá rẹ̀ jù.