Owó Ta Ni Wọ́n Fi Kọ́ Ọ? Baroque láti Róòmù dé Porto-Novo

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olólùfẹ́ iṣẹ́ ọnà. Àwọn Potogí ní ọ̀rọ̀ kan, barroco, tí wọ́n fi ń pe péálì tí kò rí róbótó, èyí tó wú síbí tó tẹ̀ sọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ibẹ̀ ni orúkọ Baroque, ọnà ilé àti àwòrán tó gbilẹ̀ ní Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ti wá, èébú ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe. Àwọn tó fẹ́ràn ilé tó gún régé ló ń fi bú ilé tí ògiri rẹ̀ ń ká kò bí ejò, àti àwòrán tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ bọ́ sílẹ̀ wá bá wa. Èébú ọjọ́ yẹn ti di oríkì lónìí.

Bí Yorùbá Èkìtì kò ṣe dún bíi ti Ìjẹ̀bú, bẹ́ẹ̀ ni Baroque Róòmù kò jọ ti Amsterdam. Àwọn kan ní ojú ọjọ́ ló fà á, àwọn mìíràn ní ìwà àwọn ará ibẹ̀ ni. Ní tèmi, bí mo bá dé iwájú ilé tàbí àwòrán àkókò yẹn, ìbéèrè kan ni mo kọ́kọ́ ń bi í: owó ta ni wọ́n fi ṣe ọ́?

Ní Róòmù, owó ìjọ Àgùdà ni. Luther, àlùfáà ará Jámánì tó yapa kúrò lọ́dọ̀ póòpù, àti àwọn tó tẹ̀ lé e ti gba apá ńlá ní àríwá Yúróòpù mọ́ póòpù lọ́wọ́. Nígbà tí ìpàdé ńlá tí ìjọ ṣe ní ìlú Trento parí ní oṣù Kejìlá ọdún 1563, wọ́n pàṣẹ pé àwòrán mímọ́ yóò máa wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn èèyàn, kó sì máa ru ọkàn wọn sókè. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1568, àwọn Jesuit, ẹgbẹ́ àlùfáà kan nínú ìjọ Àgùdà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Il Gesù. Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo tó fẹ̀ ni, kò sí òpó tí yóò dí ẹnikẹ́ni lójú pẹpẹ, torí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ìjọ gbọ́ ìwàásù.

Ayàwòrán kan, Caravaggio, ló wá sọ àwòrán di ohun tí ará ọjà lè mọ̀. Lọ́dún 1599 sí 1600, ó ya ìpè Mátíù fún ṣọ́ọ̀ṣì San Luigi dei Francesi. Agbowó-òde náà àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú aṣọ àwọn ará Róòmù ìgbà ayé Caravaggio fúnra rẹ̀. Yàrá náà ṣókùnkùn. Jésù dúró lápá ọ̀tún, ó na ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé lọ bá wọn. Àmọ́ ẹni tó sanwó lè kọ ọjà. Nígbà tí Caravaggio ya ikú Màríà, tó gbé e kalẹ̀ bí òkú gidi, pẹ̀lú ikùn tó wú àti ẹsẹ̀ lásán, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Carmelite tó ni ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà á. Rubens, ayàwòrán láti Antwerp tó wà ní Ítálì nígbà náà, ló gba olórí ìlú Mantua níyànjú pé kó rà á. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris ló wà báyìí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i ní Róòmù, torí ibẹ̀ ni ìbéèrè owó yìí ti hàn sí mi jù. Bernini, agbẹ́gilére àti kọ́lékọ́lé, ni ààyò àwọn póòpù. Òun ló gbé ìbòrí idẹ tó ga tó mítà 29 sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Òun náà ló to òpó 284 yí gbàgede iwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà ká bí ọwọ́ ìyá tó ń kó ọmọ mọ́ra. Borromini, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí, kò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Ní 1634, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Trinitarian láti Sípéènì, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ra Kristẹni tó wà lóko ẹrú padà, gbé iṣẹ́ fún un ní kọ̀rọ̀ oríta kan tó há. Wọn kò lówó òkúta iyebíye. Kí ni Borromini ṣe? Ó mú bíríkì, ó fi ẹfun funfun rẹ́ ẹ, ó sì ní kí ògiri fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀ṣọ́. Ògiri náà wọlé, ó yọ síta, ó tún wọlé. Òrùlé inú rẹ̀ rí bí ìdajì ẹyin, iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ há mọ́ ara wọn bí afárá oyin. San Carlino ni wọ́n ń pe ṣọ́ọ̀ṣì yìí, nítorí kékeré rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n mú ilé kan ṣoṣo nínú gbogbo Baroque, òun ni màá mú.

Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Lọ́dún 1566, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì wọ ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri Antwerp àti Họ́lándì, wọ́n fọ́ ère, wọ́n fa àwòrán ya. Sípéènì gba Antwerp padà ní 1585, ìjọ Àgùdà sì bá pẹpẹ tó ṣófo. Ta ni yóò fi àwòrán kún un? Rubens padà dé láti Ítálì ní 1608, kò sì sinmi mọ́.

Ní Họ́lándì, ní àríwá, wọ́n kun ṣọ́ọ̀ṣì ní funfun, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tó tóbi jù lọ, ìyẹn ìjọ, bọ́ mọ́ àwọn ayàwòrán lọ́wọ́. Àwọn oníṣòwò àtàwọn ará ìlú ló gba ipò rẹ̀, ohun tí wọ́n sì fẹ́ rà ni ojú ara wọn, ilé wọn, òkun wọn, oúnjẹ orí tábìlì wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú Amsterdam tó wà nínú àwòrán ńlá tí Rembrandt parí ní 1642, tí ayé ń pè ní Ìṣọ́ Òru, ló dáwó jọ fún un. Ní Delft, Vermeer ya ìránṣẹ́bìnrin kan tó ń da wàrà sínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì. Ìmọ́lẹ̀ tí Caravaggio fi pe àpọ́sítélì ti wá balẹ̀ sórí iṣẹ́ ilé ìdáná.

Ní Faransé, owó ọba ni, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Louis Kẹrìnlá ránṣẹ́ pe Bernini wá sí Paris ní 1665 láti tún Louvre, tó jẹ́ ààfin ọba nígbà náà, ṣe, ó yẹ́ ẹ sí gidigidi, ó sì padà pa àwòrán ilé rẹ̀ tì. Ìlà tó tọ́ ni Faransé fẹ́. Gbọ̀ngàn Dígí ní ààfin Versailles, tó gùn ní mítà 73 pẹ̀lú dígí 357, ọlá ọba nìkan ló ń fi hàn.

Jámánì ní tirẹ̀ dúró pẹ́. Ogun Ọgbọ̀n Ọdún, láti 1618 sí 1648, ti run ún. Ìgbà tí owó padà dé ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó tún jẹ́ ọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé, bíi ààfin Würzburg, tí Balthasar Neumann kọ́, tí Tiepolo ará Venice sì ya àjà rẹ̀ ní 1752 sí 1753.

Ní Sípéènì, ọba ló ń bọ́ ayàwòrán Velázquez. Ọba rán an lọ ra iṣẹ́ ọnà ní Ítálì, ó sì mú ẹrú rẹ̀, Juan de Pareja, dání, ọkùnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà lára. Ní Róòmù, ní 1650, ó ya Pareja. Orí rẹ̀ gbé sókè, ojú rẹ̀ ń wo ẹni tó ń wò ó láìṣẹ́jú. Lọ́dún yẹn kan náà ni Velázquez fọwọ́ sí ìwé òmìnira rẹ̀. Pareja di ayàwòrán fúnra rẹ̀. Ní 1661, òun náà ya ìpè Mátíù, ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Prado ní Madrid. Ó ya ara rẹ̀ sí ìpẹ̀kun apá òsì, ó dúró, ó mú ìwé pélébé kan lọ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ìwé náà.

Ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni ìbéèrè wa ti dun ni jù. Ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n rí wúrà ní Minas Gerais ní Bùràsíìlì. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń wà á. Ṣọ́ọ̀ṣì ní Lisbon àti ní ìlú Salvador ní Bùràsíìlì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wúrà bo igi gbígbẹ́ láti ilẹ̀ dé àjà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco ní Salvador, ojú kò ní ríbi sinmi. Kò jìnnà síbẹ̀, ní àdúgbò Pelourinho, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ti ìjọ Àgùdà dá owó tiwọn, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos.

Àwọn tó padà sílé láti Bùràsíìlì, tí a mọ̀ sí Àgùdà, kó iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú ọ̀gá kọ́lékọ́lé wọn, ló kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ní Porto-Novo, mọ́sálásí ńlá tó wà láàárín ìlú ní ilé ìṣọ́ méjì lápá ọ̀tún àti òsì, òpó tó lẹ̀ mọ́ ògiri, àti ọ̀ṣọ́ tó ká kò lókè bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì Salvador gan-an. Ọnà tí póòpù fi bá Luther jà ni àwọn Mùsùlùmí ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ kírun.