Ọ̀rọ̀ mélòó ló lè wọ inú dísíkẹ́ẹ̀tì kan?

Ẹ jẹ́ ká ní fáìlì kan wà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ lásán, kò sí àwòrán kankan níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní mẹ́gábáìtì 1.43 ni. Ẹ mú dísíkẹ́ẹ̀tì íǹṣì mẹ́ta ààbọ̀, ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tọ́jú fáìlì, èyí tí wọ́n kọ 1.44 MB (mẹ́gábáìtì) sí lára, ẹ tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ, ẹ ní kó gba fáìlì náà. Ó kọ̀ jálẹ̀: àyè ò tó. Ta ló ń purọ́, kọ̀ǹpútà ni àbí dísíkẹ́ẹ̀tì?

Kò sẹ́ni tó purọ́ níbẹ̀. Òṣùwọ̀n wọn ni kò bára mu.

Ẹ wo dísíkẹ́ẹ̀tì tó wà lójú yín yìí. Ike líle ni ara rẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan sì wà létí rẹ̀ tó ń yọ̀ síwá sẹ́yìn bí ìlẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá fìka ti irin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó rí ohun tó ń gba ọ̀rọ̀ dúró gan-an: ike roboto kan tó fẹ́lẹ́, tó dúdú. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, òróró ara lè ba ohun tó wà lórí rẹ̀ jẹ́. Ojú méjèèjì rẹ̀ la máa ń kọ nǹkan sí. Ojú kọ̀ọ̀kan ní ipa 80, ọ̀kan yí èkejì ká, wọ́n sì gé ipa kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀là 18, èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́kítọ̀. Ẹ̀là kan gba báìtì 512; báìtì ni ìwọ̀n kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń wọn ohun tó wà nínú fáìlì. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: 2 lọ́nà 80, lọ́nà 18, lọ́nà 512. Ó jẹ́ báìtì 1,474,560.

Àwọn tó sọ ọ́ ní 1.44 kọ́kọ́ fi 1,024 pín iye yẹn, ó di 1,440, wọ́n wá fi 1,000 pín ìyẹn. Kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, ìyẹn ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní tirẹ̀ máa ń fi 1,024 pín lẹ́ẹ̀mejèèjì. Lójú tiẹ̀, 1.40 ni dísíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Lójú tèmi, kò yẹ kí wọ́n fi orúkọ kan pe òṣùwọ̀n méjì, àmọ́ látìgbà tí ilé iṣẹ́ IBM ti fi irú dísíkẹ́ẹ̀tì yìí sínú kọ̀ǹpútà PS/2 ní 1987 ni orúkọ náà ti mọ́ gbogbo èèyàn lẹ́nu.

Gbogbo 1.40 yẹn kọ́ la sì máa rí lò. Dísíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fọ́máàtì, ìyẹn tí wọ́n ti múra rẹ̀ sílẹ̀, fún Windows tàbí DOS, ètò tó ṣáájú rẹ̀, máa ń yọ ẹ̀là 33 sápá kan fún ara rẹ̀: 1 fún ìbẹ̀rẹ̀, 14 fún orúkọ àwọn fáìlì, 18 fún àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà, torí ẹ̀dà méjì ló máa ń ṣe ti èyí, bí ọ̀kan bá bà jẹ́. Ẹ̀là 2,847 ló ṣẹ́ kù, ìyẹn báìtì 1,457,664. Tí fáìlì yín bá jẹ́ báìtì 1,500,000, kọ̀ǹpútà á pè é ní 1.43, bẹ́ẹ̀ ó ti fi 42,336 kọjá àyè tó wà.

Ó yá, ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gan-an. Lẹ́tà tí kò lámì, bíi b tàbí k tàbí a, báìtì 1 ni. Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ méjì náà, báìtì 1. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fojú bù ú pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan pẹ̀lú àlàfo rẹ̀ jẹ́ báìtì 6, tí dísíkẹ́ẹ̀tì kan á sì gba nǹkan bí ọ̀rọ̀ 240,000.

Ẹ má gbé ìṣirò yẹn wá sórí Yorùbá. Nínú UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, tó sì gbòde kan lónìí, báìtì 2 ni à. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ jẹ́ 3 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí àmì ohùn bá tún gorí ẹ tàbí ọ, ó di 5. Ẹ wo "ọ̀rọ̀" fúnra rẹ̀: 5, 1, 5. Lẹ́tà mẹ́ta, báìtì 11!

Ẹ jẹ́ ká wọn odindi gbólóhùn: "Ọmọ náà ń kàwé." Tá a bá ka àlàfo kan mọ́ ọn lẹ́yìn, báìtì 25 ni. Tá a bá yọ gbogbo àmì rẹ̀, 16 ni. Ẹ máa kọ ọ́ léraléra títí dísíkẹ́ẹ̀tì á fi kún: èyí tí kò lámì á wọ̀ ọ́ nígbà 91,104, èyí tó lámì á wọ̀ ọ́ nígbà 58,306.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní ká kúkú yọ àmì kúrò kí àyè lè gbà wá. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Igba, iye tó tẹ̀ lé 199, báìtì 4 ni. Igbá tá a fi ń bumi jẹ́ 5. Ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀ jẹ́ 6. Báìtì kan tàbí méjì yẹn ló gbé ìtumọ̀ dání. Ẹni tó bá ṣí fáìlì aláìlámì lọ́dún mélòó kan sígbà tá a wà yìí, á kàn máa méfò ni.

Nǹkan kan tún wà táwọn èèyàn kì í fiyè sí: fáìlì méjì kì í jọ lo ẹ̀là kan. Tó bá jẹ́ gbólóhùn kúkúrú yẹn nìkan lẹ kọ sínú fáìlì, ẹ̀là odindi ló máa gbà, báìtì 512. Orúkọ 224 péré ni dísíkẹ́ẹ̀tì náà sì lè kọ sílẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá ṣe fódà. Tẹ́ ẹ bá to fáìlì wẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ dé 224, á ní òun ti kún, nígbà tí ẹ̀là tó ju 2,600 ṣì ṣófo. Ti àwọn àtijọ́ tó fẹ̀ ní íǹṣì 5.25, irú ti 360 KB (kílóbáìtì), tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: báìtì 362,496 ni gbogbo àyè wọn, ẹ̀là méjì-méjì ni wọ́n sì ń fún fáìlì.

Kẹ́ ẹ tó gbé fáìlì wọlé, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Properties. Ẹ gbójú fo 1.43 yẹn, nọ́ńbà gígùn tó wà nínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ fẹ́. Ẹ fi 512 pín in, tí kò bá pín dọ́gba, ẹ sún un sókè sí odindi. Báìtì 1,500,000 á di ẹ̀là 2,930, ẹ̀là 2,847 lẹ sì ní. Ẹ fi ZIP, ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ fáìlì di kékeré, fún fáìlì náà pọ̀, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Ọ̀rọ̀ lásán sábà máa ń fi ju ìdajì lọ dín kù, á sì wọlé tòun ti gbogbo àmì orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀.