Ẹ mọ ohun tó ti wà nínú Emacs kẹ́ ẹ tó lọ kó package

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ Emacs, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń kọ ọ̀rọ̀ àti kóòdù, la wá sọ, ibi tó ń dùn mí gan-an ni mo sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí ẹ̀, ọjọ́ kejì ló ti máa kó package (àfikún táwọn èèyàn ṣe fún un) bí 40 sínú init.el, fáìlì tí Emacs máa ń kà tó bá ń ṣí, tí nǹkan bá wá dàrú kò ní mọ èwo ló fà á. Èmi náà ti ṣe é rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń yọ wọ́n.

Àtọdún 1985 tí Richard Stallman ti gbé GNU Emacs jáde làwọn èèyàn ti ń kó nǹkan sínú ẹ̀, torí Lisp, èdè kóòdù tí wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ náà làwa fi ń tún un ṣe bó ṣe wù wá. Ohun tẹ́ ẹ ń wá kiri, ó ṣeé ṣe kó ti wà nílé.

Ẹ wo Dired, ibi tí Emacs ti ń to fáìlì. Ẹ tẹ C-x d (C ni Ctrl, M ni Alt, ẹ di í mú kẹ́ ẹ tó tẹ èyí tó tẹ̀ lé e), ẹ mú fódà kan, àwọn fáìlì inú ẹ̀ á tò sílẹ̀. Ó dáa, ẹ wá tẹ C-x C-q. Àwọn orúkọ yẹn ti di ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ lè tún kọ nìyẹn o! Ká ní fọ́tò 200 ló ń jẹ́ IMG, ẹ lo M-%, ẹ fi orúkọ míì rọ́pò ẹ̀, ẹ tẹ ! kó ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà C-c C-c kí orúkọ tuntun lè wọlé. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ti ṣì í kẹ́ ẹ tó tẹ ìyẹn, C-c C-k lẹ máa tẹ̀, kò ní fọwọ́ kan fáìlì kankan.

Macro ni mo fẹ́ràn jù, ìyẹn ni pé kí Emacs ká ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ sílẹ̀ kó lè máa tún un ṣe. F3 ló máa bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe iṣẹ́ yẹn lórí ìlà kan, F4 á pa á dé, F4 míì á tún un ṣe, C-u 0 F4 á sì máa ṣe é lọ títí fáìlì fi máa tán. Ibi táwọn èèyàn ti ń kọsẹ̀ nìyí: ẹ fi C-a (ìbẹ̀rẹ̀ ìlà) bẹ̀rẹ̀, ẹ fi C-n parí, kí kọ́sọ̀ lè wà lórí ìlà tó kàn kó tó tún bẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ló máa wà táá máa bà á jẹ́.

Package tí mi ò lè ṣe láìní ni Magit, tá a fi ń lo Git (ètò tó ń tọ́jú àtúnṣe kóòdù) nínú Emacs, èyí tí Marius Vollmer bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008. Ẹ tẹ C-x g, ẹ gbé kọ́sọ̀ sórí apá kan ṣoṣo nínú àtúnṣe tẹ́ ẹ ṣe, ẹ tẹ s, apá yẹn nìkan ló máa wọ commit (àtúnṣe tẹ́ ẹ fi pamọ́ sínú Git), ìyókù á dúró dè yín. Eglot (tó ń bá yín yẹ kóòdù wò) àti use-package (tó ń ṣètò package) ńkọ́? Wọ́n ti wà nínú Emacs 29 fúnra ẹ̀, which-key (tó ń fi bọ́tìnì tó lè tẹ̀ lé e hàn) náà ti wọ 30, ẹ ò ní láti wa nǹkan kan jáde mọ́.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ tẹ C-h k, kẹ́ ẹ wá tẹ bọ́tìnì èyíkéyìí tẹ́ ẹ ò mọ iṣẹ́ ẹ̀, ó máa sọ fún yín.