Láptọ́ọ̀pù tí kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ti kú, òun la fẹ́ fi ṣe àpótí gémù

YÉTÚNDÉ: Ẹ káàbọ̀ o, gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà lẹ́yìn odi, ní Kubwa, Nyanya, Lugbe, títí dé Kàdúná àti Kánò, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú gò-sìlóò báyìí. Bọ̀dá Kúnlé ló wà níwájú mi yìí, ayùn wà lọ́wọ́ wọn.

KÚNLÉ: Ayùn wo? Teèpù ni jàre, má dẹ́rù ba àwọn èèyàn.

YÉTÚNDÉ: Ó dáa, teèpù. Ọ̀rọ̀ àpótí gémù la fẹ́ sọ, irú gémù ayé àtijọ́ tó máa ń dúró gàgàrà bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, tí joystick kan, ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí gémù, wà níwájú ẹ̀ tí bọ́tìnì sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ́ èyí tó kéré ni, tó ń jókòó sórí tábìlì. Àwọn ọmọ wa ò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù orí PlayStation lọ.

KÚNLÉ: Ìwọ náà mélòó lo mọ̀? Space Invaders, 1978 ni Taito gbé e jáde ní Japan, Pac-Man dé ní 1980, ti Namco nìyẹn. Kódà nígbà yẹn ní Japan, inú tábìlì gan-an ni wọ́n ń kó Space Invaders sí, àwọn èèyàn á jókòó tì í nílé kọfí, wọ́n á dorí kodò, wọ́n á máa yìnbọn.

YÉTÚNDÉ: Ẹ jẹ́ ká débi owó. Torí gbogbo àwọn tí mo wò lórí YouTube, Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà, wọ́n á ra sìkíríìnì tuntun, wọ́n á ra ṣájà ẹ̀, wọ́n á ra káàdì, kí gbogbo ẹ̀ tó dé Abuja dọ́là á ti sọ ọ́ di nǹkan míì.

KÚNLÉ: Ìdí tí mo fi ní kéèyàn má ra Pi rárá nìyẹn. Lọ sí Banex tàbí GSM Village, wá àwọn tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe, sọ fún wọn pé o ń wá èyí tí kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ti kú tàbí tí híńjìsì ẹ̀ ti já, àmọ́ tí bọ́ọ̀dù àti sìkíríìnì ẹ̀ ṣì pé. Wọ́n ní in lábẹ́ káńtà, páàtì ni wọ́n ń tú lára ẹ̀. Ẹni tó ra ìyẹn ti ra kọ̀ǹpútà, ó ti ra sìkíríìnì, ó ti ra sípíkà, bátìrì tún wà nínú ẹ̀. Bátìrì yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn. Pi ò ní bátìrì, tí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tó ń kọ nǹkan sórí káàdì, káàdì lè bàjẹ́ níbẹ̀, wàá wá máa to gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ńkọ́? Wọ́n múná lọ, ọmọ ń bá gémù ẹ̀ lọ.

YÉTÚNDÉ: Bọ̀dá, tòkunbọ̀ tí kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ti kú, bátìrì ẹ̀ náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

KÚNLÉ: Kó ṣáà ti gbé e títí wọ́n á fi tan jẹnẹrétọ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ tó o bá rí i pé ó ti wú, yọ ọ́ dànù. Bátìrì tó wú, tó tún wà nínú pákó, ìyẹn kì í ṣe eré.

YÉTÚNDÉ: Kí lèèyàn máa yẹ̀ wò kó tó sanwó?

KÚNLÉ: Ibi tí wọ́n ti ń tàn án. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ara kíbọ́ọ̀dù ni bọ́tìnì yẹn wà, o yọ kíbọ́ọ̀dù, kò tàn mọ́. Wá èyí tí bọ́tìnì ẹ̀ wà lórí bọ́ọ̀dù kékeré lọ́tọ̀ tí wáyà pẹlẹbẹ so pọ̀, o lè gbé ìyẹn sẹ́yìn àpótí. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́ kí wọ́n tàn án níbẹ̀, wá fi ẹ̀gbẹ́ dá sìkíríìnì ẹ̀ dúró, jókòó síwájú ẹ̀, wò ó lápá ọ̀tún, wò ó lápá òsì.

YÉTÚNDÉ: Kí ni mo ń fi ẹ̀gbẹ́ dá a dúró fún? Wọ́n á ní orí mi ti yí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn.

KÚNLÉ: Jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Pac-Man, Galaga, Donkey Kong, gbogbo wọn ló ga ju bí wọ́n ṣe fẹ̀ lọ. Àwòrán Pac-Man, píkísẹ́ẹ̀lì 224 ní ìbú, 288 ní òòró. Tó o bá gbé e sórí sìkíríìnì bó ṣe máa ń wà, àárín péré ló máa lò, ọ̀tún òun òsì á dúdú. Àmọ́ tí sìkíríìnì 1366 sí 768 bá dúró lóòró, o lè sọ àwòrán yẹn di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 672 sí 864, ó wọ̀ ọ́, kò sì fà níbì kankan. Ibi tí wàhálà wà ni pé ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú, irú sìkíríìnì tí wọ́n ń pè ní TN ló wà lára wọn, tó o bá wò ó látìsàlẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ á yí padà. Tó o bá wá dá a dúró, ìsàlẹ̀ yẹn ti di ẹ̀gbẹ́ nìyẹn, ẹni tó jókòó síbẹ̀ á máa rí Pac-Man tó ti ṣá. Irú tí wọ́n ń pè ní IPS kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tó o bá rí i, fi kún owó díẹ̀.

YÉTÚNDÉ: Wáyà tó so sìkíríìnì mọ́ bọ́ọ̀dù kúrú o.

KÚNLÉ: Ó kúrú, torí ẹ̀ lo ṣe máa de bọ́ọ̀dù mọ́ ẹ̀yìn sìkíríìnì gan-an. Má gbé e sísàlẹ̀ àpótí.

YÉTÚNDÉ: Owó tó wá ṣẹ́kù?

KÚNLÉ: Joystick àti bọ́tìnì ni kó bá lọ, gbogbo ẹ̀. Tí pákó ò bá dán, ta ló máa wò ó nígbà tí gémù ń lọ? Joystick tó bá ń há ló máa bí èèyàn nínú. Ra èyí tó bá bọ́ọ̀dù kékeré tó ń so ó mọ́ USB wá, wọ́n máa ń pè é ní zero delay, kọ̀ǹpútà á rò pé pádì ni. Kò sí pé ò ń jó lẹ́ẹ̀dì, wáyà lo kàn máa tì bọ ibi tó yẹ. Àmọ́ kí bọ́tìnì wà lọ́wọ́ ẹ kó o tó lu ihò o! Irú ti Japan, ihò 30 mílímítà ni, kékeré tó wà fún ìbẹ̀rẹ̀ gémù jẹ́ 24. Irú ti Amẹ́ríkà, bíi 28. Ti Japan tí wọ́n kàn ń tẹ̀ wọlé yẹn, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, kò lè di pákó mú. Ti Amẹ́ríkà ọrùn ẹ̀ gùn, nọ́ọ̀tì wà nísàlẹ̀, ó ń gba inú pákó mílímítà 12 kọjá, òun ni mo fẹ́.

YÉTÚNDÉ: Ẹ sọ ti abẹ́ pákó fún wọn.

KÚNLÉ: Ẹn-ẹ́n. Abẹ́ pákó ni joystick ń jókòó sí, tí pákó bá nípọn, èyí tó yọ sókè á kúrú, ọwọ́ ò ní rí nǹkan gidi dì mú. Torí náà fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ abẹ́ ẹ̀ níbi tí irin joystick máa wà, jẹ́ kó fẹ́lẹ́ níbẹ̀ nìkan.

YÉTÚNDÉ: Èmi o, páálí ni mo kọ́kọ́ fi ṣe tèmi kí n tó fọwọ́ kan pákó. Mo ní kí ọmọ mi gbé ọwọ́ lé páálí, mo fi báírò tẹ̀lé ìka ẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé bọ́tìnì ò gbọ́dọ̀ tò gbọọrọ, ìka àárín ló gùn jù, bọ́tìnì tiẹ̀ á lọ sókè díẹ̀, ti ìka ìlábẹ̀ á wálẹ̀. Mo fi mílímítà 36 sí i láti àárín ihò kan dé àárín èkejì. Mo wá gbé páálí yẹn fún káfíńtà ní Kugbo, ó wá àṣẹ́kù plywood fún mi láàárín èyí tó ń fi ṣe bẹ́ẹ̀dì, kò sídìí tí mo fi máa lọ ra odindi ní Dei-Dei.

KÚNLÉ: Ẹ̀yin ará Kàdúná, Panteka wà níbẹ̀ o. Plywood ni kẹ́ ẹ béèrè, MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi ṣe, dán lóòótọ́, àmọ́ tí ọmọ bá da zobo sí i, á wú.

YÉTÚNDÉ: Ọyẹ́ náà ńkọ́, eruku.

KÚNLÉ: Lu ihò sísàlẹ̀, lu sókè, kí ooru lè jáde, fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nínú. Kó o máa gbọn nẹ́ẹ̀tì yẹn, ó tán.

YÉTÚNDÉ: Gémù fúnra ẹ̀?

KÚNLÉ: Batocera, sọ́fítíwíà tó ń sọ kọ̀ǹpútà di ẹ̀rọ gémù, orí fláàṣì ló máa wà, kò kan háàdì ẹ. MAME wà nínú ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí gémù àpótí àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, Nicola Salmoria ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ní 1997. MAME ọ̀fẹ́ ni, gémù kì í ṣe ọ̀fẹ́, ó ṣì ní olówó. Àwọn díẹ̀ wà tí olówó wọn yọ̀ǹda, bíi Robby Roto, kéèyàn má ṣáà fi pa owó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

YÉTÚNDÉ: Ihò tí wọ́n ń ju owó sí ńkọ́? Òun ló ń wù mí jù.

KÚNLÉ: Owó ẹyọ wo? Ta ló ń kó kọ́bọ̀ kiri l'Abuja? Bọ́tìnì kan là ń fi ṣe é, o tẹ̀ ẹ́, gémù á gbà pé o ti sanwó.

YÉTÚNDÉ: Àbúrò mi tó wà ní Gwarinpa ní POS lòun máa so mọ́ tòun.

KÚNLÉ: Kó kọ́kọ́ ra pákó ná.